Ìtàn Kan Náà Tí Gbogbo Wọn Kọ

Aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù tí gbogbo yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú ilé náà fi mọ̀ pé Ìbíwùnmí, ọmọ Tíṣà, ń lọ ṣe ìdánwò àbáwọlé sílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ifọ̀. Folúkẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bó ṣe ń pọn omi ló ń sọ ọ́, bó ṣe ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Kì í ṣe pé ó ń fọ́nnu, inú rẹ̀ ló dùn débi pé ẹnu rẹ̀ ò lè dákẹ́. Ìbíwùnmí gba A nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ní òpópónà wọn ní Mówè, òun nìkan ni wọ́n gbọ́ pé ó gba A nínú Gẹ̀ẹ́sì.

"Ọmọ tíṣà kúkú ni," Ìyá Mubashir, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn, dáhùn láti ibi tó ti ń fọ abọ́. "Àwa tí a ò kàwé, kí la fẹ́ fi kọ́ ọmọ nílé? Tíṣà! Ẹ má gbàgbé Mubashir mi o. Ọdún tó ń bọ̀ ni tiẹ̀."

Gbémiga Ògúnkànmí tó ń jẹ́ Tíṣà wà nínú yàrá, ó ń so táì mọ́rùn níwájú dígí. Ó gbọ́ ọ. Ó ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé aládàáni kan lọ́nà Ìbàfò, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ń kọ́ wọn ní ìtàn kíkọ, á fa ìlà kan sójú bọ́ọ̀dù tó dà bí òkè. Á ní ẹni tí ìtàn dá lé lórí ló ń bọ̀ níbi ẹsẹ̀ òkè yìí, wàhálà ló ń tì í gòkè, bó bá dé ṣóńṣó, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já, kó tó wá máa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín nítorí pé á máa fi ara rẹ̀ ṣe é, á máa mí hẹlẹ bí ẹni tó ń gun òkè lóòótọ́. Kò sí ọmọ tó kúrò ní kíláàsì rẹ̀ tí kò mọ ibi tí orí ìtàn wà àti ibi tí ìdí rẹ̀ wà. Àmọ́ ilé-ìwé rẹ̀ kọ́ ni ọmọ tirẹ̀ lọ. Ilé-ìwé ìjọba ló lọ, níbi tí ọmọ àádọ́rùn-ún ti ń bá ara wọn fa tíṣà kan.

Folúkẹ́ gbé iṣu díndín àti ẹyin wọlé. Ẹyin méjì ló dín fún Ìbíwùnmí nìkan.

"Jẹun, jàre. Wọn kì í fi ebi dáhùn ìbéèrè."

Ọmọ náà gé iṣu kan sí wẹ́wẹ́, ó ń fi fọ́ọ̀kì tì í kiri inú abọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Dádì, tí wọ́n bá ní ká kọ nǹkan ńkọ́?"

"Kí lẹ fẹ́ kọ? Wọ́n á wo èsì ìdánwò yín, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè méjì mẹ́ta, ó parí."

"Wọ́n ní lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí wọ́n kọ nǹkan."

"Ìbí, a ti pẹ́."

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ náà ti ń bá a sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìwé wá bá a pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ. Gbémiga ní ó rẹ òun. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà ò gbé ìwé wá mọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, àwọn ará ilé dúró sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún wọn. Folúkẹ́ tẹ̀lé wọn dé ẹnu géètì, ó tún kọ́là ọmọ rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kọ́là náà ò ní ohunkóhun tó ṣe é.

*

Wọ́n wọ ọkọ̀ méjì kí wọ́n tó dé Ifọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa wọlé, àwọn ọmọ bí ogójì ti tò sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán kan, àwọn òbí sì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àdìrẹ sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Gbémiga. Ó ní Ọlágòkè lòun ń jẹ́, káfíńtà lòun, láti Àkútè ni òun àti ọmọ òun ti wá.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Tíṣà ni mí. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ wọn."

"Háà!" Káfíńtà náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin lọkàn yín ti balẹ̀ jù lábẹ́ igi yìí. Èmi, bí lẹ́tà bá dé, ọmọ mi ló ń kà á fún mi."

Gbémiga rẹ́rìn-ín. Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Kò pẹ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ wọlé. Obìnrin kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, ọ̀nà kò jìn láti ìdí igi sí fèrèsé, Gbémiga sì rí i kà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ìtàn ọjọ́ kan tí wọ́n tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ojú ìwé kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ó mí kanlẹ̀. Kò sí ohun tí wọn ì bá tún béèrè tí ì bá rọrùn fún Ìbíwùnmí ju ìyẹn lọ. Ṣebí òun ló lọ gbé pẹ̀lú Màmá Òkè-Àró, ìyá tó bí òun Gbémiga lọ́mọ, fún oṣù kan àtààbọ̀ gbáko kí màmá tó kú. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fún un lóògùn. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Àmọ́ bó ṣe ń wo inú fèrèsé, ohun tó rí kò yé e. Orí gbogbo àwọn ọmọ yòókù ti tẹ̀ ba. Ọmọ káfíńtà ti ń béèrè fún ìwé kejì. Ìbíwùnmí nìkan ló gbé orí sókè tó ń wo ojú bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń retí pé kí bọ́ọ̀dù náà sọ̀rọ̀. Ó kọ nǹkan. Ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́. Nígbà tó yá, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú sí fèrèsé.

Gbémiga mọ ohun tí ọmọ náà ń retí. Ó ń retí kí ẹnì kan mú ìwé wọlé. Ó yíjú kúrò lójú fèrèsé kíá.

Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, wọ́n gba ìwé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ pẹ̀lú òbí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà wọlé, ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Ògúnkànmí.

Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Gbogbo wọn ń pè é ní Mátírọ́ọ̀nù. Ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó nira. Ó tẹ́ ìwé méjì síwájú Gbémiga. Ọ̀kan ni èsì ìdánwò, A wà níbẹ̀ ní iwájú Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni ohun tí Ìbíwùnmí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ìlà mẹ́rin ni.

*My grandmother is sick. I am take care of her. She is a nice person and everybody is like her. In conclusion*

Ibẹ̀ ló parí sí.

"Sà, ẹ bá mi wò ó," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ṣé ọmọ kan náà ló ni ìwé méjèèjì?"

Gbémiga ka ìlà mẹ́rin náà bí ẹni pé ó gùn. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sí àpò níbi tí báírò pupa rẹ̀ wà, ó fà á padà.

"Ẹ̀rù ló bà á, mà."

"Ẹ̀rù máa ń ba gbogbo wọn." Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á tí a fi ń ní kí wọ́n kọ ìtàn. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé láàárọ̀, ìwé ló máa fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbaṣẹ́. Kí ló kọ́kọ́ ṣe aláìsàn yìí? Kí ló tẹ̀ lé e? Kí la ti ṣe sí i? Báwo ló ṣe wà báyìí? Ìtàn náà nìyẹn. Bó bá wá kọ ọ́ pé a máa fún un lóògùn, nígbà tó jẹ́ pé a ti fún un lóru, ẹni tó bá gbaṣẹ́ á tún fún un. Mo ti rí i rí, sà. Obìnrin náà ò jí."

Fáànù tó wà lókè ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, sà?"

"Tíṣà ni mí, mà."

Ojú Mátírọ́ọ̀nù rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ̀ ń kọ́ wọn?"

Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló fi ẹnu Gbémiga sọ̀rọ̀. "Ìṣirò ni, mà. Máàsì."

Ó gbọ́ bí Ìbíwùnmí ṣe mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ó yé mi," ni obìnrin náà wí. Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ṣé Dádì máa ń ráyè kọ́ ẹ nílé?"

Gbémiga wo ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá lanu, ì bá wọ̀ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Ìbíwùnmí dáhùn. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. "Máàsì ni wọ́n máa ń kọ́ mi."

Mátírọ́ọ̀nù kọ nǹkan sí etí ìwé náà. Ó ní àwọn ò lè mú un báyìí. Ó ní àwọn tún máa ṣe òmíràn nínú oṣù Jánúárì, bó bá lè kọ ojú ìwé kan fúnra rẹ̀ nígbà yẹn, kó padà wá. "Ẹ bá mi wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan fún un, sà. Nílé-ìwé yín, ẹ ò ní ṣàìmọ ẹnì kan."

"A máa wá a, mà," ni Gbémiga wí.

*

Káfíńtà ṣì wà lẹ́nu géètì, ó ń ra ọsàn fún ọmọ rẹ̀. Ó juwọ́ sí wọn, ó pariwo, "Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì! Báwo lọ̀hún?" Gbémiga juwọ́ padà, ó yára rìn, ó sì ń gbàdúrà kí fèrèsé Mátírọ́ọ̀nù ti wà ní pípadé.

Nínú ọkọ̀, Ìbíwùnmí lọ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, bẹ́ẹ̀ àyè wà lẹ́yìn. Gbémiga ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti Ifọ̀ lọ. Ó ra búrẹ́dì níbi tí wọ́n ti fẹ́ wọ ọkọ̀ kejì, ó nà án sí i. Ọmọ náà gbà á, ó ní "Ẹ ṣé, sà," kò sì já a. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló wà lẹ́nu Gbémiga. Ohun tó jáde ni, "Oòrùn yìí mú o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Aago mẹ́ta kọjá nígbà tí wọ́n wọlé. Folúkẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó ṣe rí wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Àwọn ará ilé tú jáde.

"Ẹ kú àbọ̀! Nọ́ọ̀sì wa! Ṣé wọ́n ti mú un?"

"Wọ́n ní ká padà wá ní Jánúárì," ni Gbémiga wí.

Ariwo ta. Ìyá Mubashir ló kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á. "Owó ni wọ́n fẹ́ gbà! Ọmọ tó gba A, wọ́n ní kó padà wá? Ẹ ò ní ènìyàn níbẹ̀, ìyẹn ni." Ẹlòmíràn ní ọmọ olóṣèlú ni wọ́n ti fi àyè náà fún. Ẹnì kan ní òun mọ ẹnì kan tó mọ káńsẹ́lọ̀ kan. Wọ́n ń bú ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ń bú ìjọba, wọ́n ń bú ìlú. Gbémiga dúró sáàárín wọn, ó ń mi orí rẹ̀ sókè sódò bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbíwùnmí ti wọlé.

Folúkẹ́ ti se ìrẹsì, ó ti fi adìyẹ sí i. Ó bu tọkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bu tọmọ, ó sì dúró sáàárín yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Bàbá Ìbí, ẹ má jókòó báyìí o. Lọ́la ni ká lọ rí káńsẹ́lọ̀ náà. Wọn ò lè fi ọmọ mi ṣeré. Ṣé wọn ò rí A ni?"

"Folúkẹ́, jẹ́ kí n jẹun ná."

"Ẹ máa jẹun! Ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹun lásán ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tọ́ yín dù yín. Èmi ni mo máa lọ. Èmi tí mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì, màá lọ bá obìnrin yẹn, màá bi í pé kí lọmọ mi ṣe."

"Mọ́mì," ni Ìbíwùnmí wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, "ẹ má lọ. Wọ́n ní ká kọ ìtàn. Mi ò lè kọ ọ́."

"O ò lè kọ kí ni? Ìwọ tó gba A?"

"Èmi kọ́ ni mo gba A. Dádì ló gbà á."

Folúkẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó rò pé eré ni. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín náà ò lọ, àmọ́ kò jọ ẹ̀rín mọ́.

Ó mọ̀ pé ilé-ìwé rẹ̀ kọ́ ni ọmọ ti ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, pé sẹ́ńtà kan lọ́nà Ìbàfò ni wọ́n mú un lọ. Gbémiga ti sọ fún un pé ibẹ̀ ò le bíi tìjọba, pé wọ́n máa ń là wọ́n lójú sí ìbéèrè. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Wọ́n ti géètì pa," Ìbíwùnmí bẹ̀rẹ̀. Kò pariwo, ó kàn ń sọ ọ́. "A ò tíì ka ìbéèrè tán tí wọ́n fi pín fótókọ́pì fún wa, ẹni méjì sí ọ̀kan. Bí mo ṣe rí i ni mo mọ ọwọ́ Dádì. Wọ́n máa ń fa ìrù lẹ́tà g lọ sísàlẹ̀, wọ́n á wá ká a bí ìwọ̀. Mo rí i, mo sì mọ̀ pé ilé wa ni wọ́n ti kọ ọ́, lórí tábìlì yìí, ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò yẹn, nígbà tí wọ́n tún ní ó ń rẹ àwọn."

"Ìbí, ó tó," ni Gbémiga wí.

"Ìtàn náà dùn, Mọ́mì. Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni àkọlé rẹ̀. Ọmọ kan ń ṣàìsàn, bàbá rẹ̀ ń sáré sọdá títì láti lọ ra oògùn fún un, ọkọ̀ gbá a. Bàbá náà kú. Ọmọ yẹn wá yè, ó ń sunkún létí sàréè. Gbogbo wa la kọ ọ́, àwa mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ọmọkùnrin tó jókòó níwájú mi, bàbá rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé e wá láàárọ̀, ó sì ń dúró dè é níta. Ó kọ ọ́ pé bàbá òun ti kú." Ó dákẹ́. "Èmi náà kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ẹ ti kú, Dádì. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ fún mi pé kí n kọ ọ́."

Ìró rédíò ẹnì kan ń wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Folúkẹ́," ni Gbémiga wí, "gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò san owó fún wa níbi iṣẹ́ nígbà yẹn, o mọ̀. Tí mi ò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn máa kọ ọ́. Mo sì rò pé ọmọ tèmi náà á…"

Folúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé abọ́ ìrẹsì tó wà níwájú ọkọ rẹ̀, ó dà á padà sínú ìkòkò, ó fi ọmọrí dé e. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Kí wọ́n tó dáhùn, Ìyá Mubashir ti yọ orí wọlé.

"Ẹ dákun, mi ò ní pẹ́. Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn dùn yín jù. Torí Mubashir náà ni mo ṣe ní kí n yà. Wọ́n ní tí a bá tètè forúkọ sílẹ̀ ní sẹ́ńtà yín…"

Gbémiga dìde, ó lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó pinnu pé òun máa sọ ọ́. Ó ń ronú pé bí òun bá sọ ọ́ síta, ó lè fúyẹ́.

"Ìyá Mubashir, ẹ gbọ́. Ìbíwùnmí ò gba A kankan. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un. Èmi ni mo kọ ọ́ fún gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ṣe ní kó padà wá nìyẹn. Kò mọ̀ ọ́n kọ."

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà! Ta ni ò mọ̀? Ládùúgbò yìí? Ṣebí ìdí tí mo ṣe ń bẹ̀ yín láti àárọ̀ nìyẹn. Tí kì í bá ṣe pé ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ọ́, kí ni màá wá bá yín fún?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀rẹ́. "Ẹ ṣáà bá mi kọ ti Mubashir kó dán. Ẹ jẹ́ kí bàbá má kú nínú tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ràn irú ẹ̀."

Ó kí Folúkẹ́, ó lọ.

Gbémiga dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Òpópónà gbogbo ti mọ̀. Ó rántí gbogbo àárọ̀ tó ń fi táì kọjá níwájú wọn, tí wọ́n ń kí i pé ẹ ǹlẹ́ o, Tíṣà, tó ń rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ojú tì í débi pé kò lè tètè yíjú padà sínú yàrá.

*

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Folúkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀. "Kí ni wọ́n ní kó o kọ gan-an?"

"Ọjọ́ kan tí mo tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ ò yá."

"Ṣé o ò rántí Màmá Òkè-Àró ni?"

"Mo rántí. Òun ni mo fẹ́ kọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Sọ ọ́ fún mi."

Ìbíwùnmí fà sẹ́yìn, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní ọjọ́ Sunday kan ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó ní àwọn ìyá ìjọ mẹ́rin wá kí Màmá láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n wọ funfun. Òun ń kó aga fún wọn nígbà tí òun gbọ́ òórùn kan. Màmá ti yàgbẹ́ sára lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá sì mọ̀. Màmá tó jẹ́ pé òun ló ń darí ẹgbẹ́ àwọn ìyá náà fún ogún ọdún. Kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ nígbà yẹn, ó kàn di ọwọ́ òun mú, ó ń mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?" Folúkẹ́ ti sún mọ́ ọn.

"Mo gbé abọ́ omi tí mo fẹ́ fi nu ojú Màmá, mo da gbogbo rẹ̀ lé wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá pariwo pé yéè, Màmá, ẹ má bínú, omi dànù lọ́wọ́ mi o. Mo ní kí àwọn ìyá yẹn jọ̀ọ́ jáde síta kí n fi pààrọ̀ aṣọ Màmá. Wọ́n bú mi gan-an. Wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí ò lójú àánú, wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó nìyẹn. Mo ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi wọlé padà, Màmá ti mọ́, mo ti tan àbẹ́là. Wọn ò mọ̀ títí wọ́n fi lọ." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi sùn. Mi ò lè dìde lọ jẹun."

Folúkẹ́ ń fi ìdí ìró nu ojú.

"Dádì náà bú mi," Ìbíwùnmí wí. "Àwọn ìyá yẹn ló pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní mo fẹ́ pa ìyá wọn."

Gbémiga rántí. Inú yàrá yìí ló wà nígbà tí fóònù náà dún, ìwé tẹ́ síwájú rẹ̀. Ó bú ọmọ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì padà sídìí ohun tó ń kọ. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn ju "Ẹ má bínú, sà" lọ.

Ó wo ọmọ rẹ̀. Kò tíì gbọ́ ìtàn tó tò báyìí rí nínú gbogbo kíláàsì tó ti kọ́.

Ó fa tábìlì súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ya ewé kan nínú ìwé, ó fi báírò tì í. Báírò aláwọ̀ búlúù ni. Ó lọ jókòó sórí àpótí ní ìkángun yàrá, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti lè tó ìwé náà.

"Kọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ yẹn."

"Ẹ ò ní kọ ọ́?"

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó mú báírò. Ó kọ ìlà kan, ó dúró, ó kà á síta fún ara rẹ̀. "*I pour water on my grandmother.*"

"Ìgbà wo lo da omi náà?" ni Gbémiga béèrè.

"Ọdún tó kọjá."

"Gẹ̀ẹ́sì máa ń fẹ́ mọ ìgbà. Tiwa ò bìkítà, a máa ní mo da omi, ó ti tán. Àwọn ní kó o fi hàn lára ọ̀rọ̀ yẹn bóyá ó ti kọjá tàbí kò tíì kọjá."

Ìbíwùnmí gbé orí sókè, ó wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wo ojú rẹ̀ láti Ifọ̀.

"Ṣé ó ti kọjá, Dádì?"

Bó bá jẹ́ ìbéèrè gírámà nìkan ni, ì bá dáhùn rẹ̀. Folúkẹ́ dìde, ó tan iná, ó lọ gbé ìrẹsì ka orí sítóòfù kó gbóná padà. Nígbà tí Ìbíwùnmí ò rí ìdáhùn gbà, ó tẹ orí ba, ó fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń gbìyànjú láti tún un kọ fúnra rẹ̀.